Etí Tó Ń Hó: Láti Ìdí Iná Igi Dé Orí Fóònù

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí ló mọ àkókò tí a fẹ́ sọ yìí. Aago méjìlá òru ti kọjá, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti ń pariwo láti ìrọ̀lẹ́, àwọn kan ṣì ń jiyàn bọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀nà. Lójijì ni epo tán. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ óò wá gbọ́ nǹkan kan nínú orí yín: yììììn, bí ẹ̀fọn tó há sínú etí. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, oorun á sì gbé wa lọ.

Fún ọ̀kan nínú àwa tó ń kọ búlọ́ọ̀gù yìí, ohùn náà kì í lọ. Ó ti tó ọdún méjì báyìí. Ó ń gbọ́ ọ nínú kíláàsì, ó ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń le sí i lálẹ́ nígbà tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́. Nígbà tí ìdánwò sáà tó kọjá ń bọ̀, ó fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ra áàpù kan tó ṣèlérí pé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, etí rẹ̀ á dákẹ́ pátápátá. Ọgbọ̀n ọjọ́ pé, etí kò dákẹ́, owó sì ti lọ.

Nígbà tó sọ fún wa, àwọn kan nínú wa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú tì wá. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àwa tí a ń pe ara wa ní akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn wá bi ara wa pé: ta ló tilẹ̀ kọ́kọ́ rò ó pé a lè fi ohùn tọ́jú ohùn? Ṣé ọ̀rọ̀ àná ni, àbí ó pẹ́? Ṣé òtítọ́ kankan wà níbẹ̀, àbí jìbìtì ni látòkèdélẹ̀? A bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ohun tí a rí ni pé ọgbọ́n náà ju fóònù lọ lọ́jọ́ orí, ó ju iná mànàmáná pàápàá lọ. A sì rí i pé ìlérí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti àwọn tó ń tà á fún wa lónìí.

Kí ló ń hó?

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́: etí mi ń hó. Ọ̀rọ̀ yẹn náà là ń lò fún omi tó wà lórí iná àti fún èrò tó ń hó yèè. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè é ní tinnitus, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Látìn tó túmọ̀ sí pé kí nǹkan máa dún bí agogo. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni tirẹ̀ ń dún bí agogo ṣá o. Ti ẹlòmíì dà bí òjò lórí páànù, ti ẹlòmíì dà bí ìró ìrẹ̀ lálẹ́, ti ẹlòmíì dà bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà lọ́nà jíjìn.

Ohùn náà kì í ti ìta wá. Nínú etí lọ́hùn-ún, ní apá tó ká bí ìkarahun ìgbín, àwọn irun tíntìntín kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ ìró di ìròyìn fún ọpọlọ. Ariwo ńlá, ọjọ́ ogbó, àìsàn, tàbí oògùn mìíràn lè bà wọ́n jẹ́. Tí wọ́n bá sì ti bàjẹ́ tán, wọn kì í hù padà. Nígbà tí ìròyìn láti etí bá wá dín kù, àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé ọpọlọ á máa tiraka láti gbọ́ ohun tó sọnù, bí ìgbà tí ènìyàn yí rédíò sókè nítorí pé ilé iṣẹ́ tó ń wá kò wọlé dáadáa. Ariwo ṣàà tó máa ń jáde nínú rédíò bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí etí rẹ̀ ń hó ń gbọ́.

Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí kó ọ̀pọ̀ ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Neurology. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àgbàlagbà tó lé ní mílíọ̀nù 740 lágbàáyé ló ní in, àti pé ó jẹ́ ìṣòro ńlá fún àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 120 nínú wọn.

Ìwádìí kan tó ti pẹ́ jùyẹn lọ ló yà wá lẹ́nu jù. Ní ọdún 1953, Morris Heller àti Moe Bergman ní Amẹ́ríkà kó ọgọ́rin ènìyàn tí etí wọn dá ṣáṣá jọ. Wọ́n mú wọn wọ inú yàrá tí ohùn kankan kò lè wọ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá gbọ́. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ti ń gbọ́ nǹkan: híhó, dídún, kíkùn bí oyin. Èyí ni pé yììììn tí a máa ń gbọ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá kú kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe wèrè. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ariwo ayé ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yòókù ti wá.

Iná igi, omi tó ń kán, àti dókítà kan ní Paris

Ìwé àtijọ́ kan wà láti ilẹ̀ Gíríìsì tí wọ́n ń pè ní Problemata, tí wọ́n kà mọ́ Aristotle. Ìbéèrè ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn béèrè ìdí tí híhó etí fi máa ń dáwọ́ dúró tí ohùn mìíràn bá dún. Ìdáhùn tí ìwé náà fi sí i ni pé bóyá nítorí pé ohùn ńlá máa ń lé ohùn kékeré lọ ni. Gbòǹgbò gbogbo áàpù tó wà lórí fóònù wa nìyẹn, láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè nìyẹn, kì í ṣe ìtọ́jú. Ẹni tí a rí pé ó sọ ọ́ di ìtọ́jú gidi ni Jean Marc Gaspard Itard, dókítà ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Paris. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti lè gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, nítorí òun náà ló tọ́ Victor, ọmọkùnrin tí wọ́n rí nínú igbó ní Aveyron. Ní ọdún 1821, Itard gbé ìwé ńlá kan jáde lórí àrùn etí. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé tí a bá ti wá gbogbo ọ̀nà tí etí híhó kò lọ, ká wá bí yóò ṣe ṣeé fara dà. Ó ní kí a wá ohùn ìta kan tó jọ ohùn inú. Ẹni tí tirẹ̀ ń dún gùù, kó jókòó ti ààrò tí iná ti ń jó dáadáa. Ẹni tí tirẹ̀ ń sú fèé, kó fi igi tó tutù díẹ̀ dáná, nítorí igi tútù máa ń sú bó bá ń jó. Ẹni tí tirẹ̀ dà bí agogo, kó jẹ́ kí omi máa kán sínú àwo bàbà. Ó tilẹ̀ gbà pé kí aláìsàn lọ máa gbé nítòsí ọlọ ńlá tí omi odò ń yí.

Ẹ kíyè sí i pé Itard kò sọ pé iná igi á wo etí sàn. Ó ní á jẹ́ kí ènìyàn rí oorun sùn. Fún ẹni tí kò tíì sùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe rí fún ẹni tí kò rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wo Beethoven. Ní oṣù kẹfà ọdún 1801, ó kọ lẹ́tà láti Vienna sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Franz Wegeler, tó jẹ́ dókítà, pé etí òun ń hó tọ̀sán-tòru. Ó ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí òun ti ń sá fún àwùjọ, nítorí òun kò lè sọ fún àwọn ènìyàn pé etí òun ń di. Ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà, iṣẹ́ orin ló sì ń jẹ. Bedřich Smetana, olórin ilẹ̀ Czech tó di adití ní ọdún 1874, kò fi tirẹ̀ pa mọ́ ní tiẹ̀. Nínú orin onígòjé mẹ́rin tó kọ ní ọdún 1876 nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, ó fi ohùn gòjé kan tó ga fíofío sí apá ìparí. Ohùn yẹn dúró fún híhó tó bẹ́ sílẹ̀ nínú etí rẹ̀. Ó fẹ́ kí ayé gbọ́ ohun tí òun nìkan ń gbọ́.

Oògùn tó gba ẹ̀mí là, tó ń mú etí hó

Ní ìlú Paris yẹn náà, ní ọdún 1820, ọdún kan ṣáájú ìwé Itard, Pelletier àti Caventou yọ kuiníìnì jáde láti inú èèpo igi cinchona. Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan ilé wa.

Ní ọdún 1841, àwọn òyìnbó kó ọkọ̀ ojú omi gun odò Ọya, ibà sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1854, William Baikie tún kó ọkọ̀ Pleiad gun odò náà dé Bẹ́núè, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí wọ́n máa lo kuiníìnì lójoojúmọ́ kí ibà tó kọ lù wọ́n. Kò sí òyìnbó kan tó kú. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoogùn, wà nínú ìrìn àjò méjèèjì, ó sì kọ ìwé nípa èkejì. A ti ka ìtàn yìí nínú kíláàsì gẹ́gẹ́ bí ìtàn bí òyìnbó ṣe rí ọ̀nà wọ àárín ilẹ̀ wa. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé ẹni tó bá lo kuiníìnì púpọ̀, etí rẹ̀ á máa hó, ó sì lè má gbọ́ràn dáadáa. Àwọn dókítà mọ èyí dáadáa débi pé wọ́n fún un ní orúkọ tirẹ̀, cinchonism. Ó sábà máa ń lọ tí a bá dá oògùn náà dúró.

Ìdí tí a fi yà síbí ni pé ó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́: kí a tó fi ohùn bo ohùn, ká kọ́kọ́ béèrè ohun tó fà á. Àsípírìn tó pọ̀ jù lè fà á. Àwọn abẹ́rẹ́ kan bíi gentamicin lè ba etí jẹ́ pátápátá. Ìdọ̀tí tó dí etí pa náà lè fà á, dókítà á sì yọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí áàpù tó lè wo inú etí rẹ láti mọ èyí tó jẹ́ tìrẹ.

Ohùn di ohun tí a ń gbé kiri

Lẹ́yìn Itard, ìmọ̀ràn náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè gbé ààrò wọ ibi iṣẹ́? Ẹ̀rọ ló yanjú ìyẹn. Ní ọdún 1962, Jim Buckwalter ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí wọ́n ń pè ní Sleep-Mate. Fáànù tí wọ́n fi sínú ike ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó máa dún fùùù lálẹ́ lọ. Ní ọdún 1969, Irv Teibel gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan jáde tó jẹ́ pé ìró òkun nìkan ló wà lójú kan rẹ̀, tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà IBM tún ṣe. Kì í ṣe nítorí àwọn tí etí wọn ń hó ni wọ́n ṣe ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí, àwọn tó fẹ́ sùn tàbí kàwé ni wọ́n ń tà á fún. Ṣùgbọ́n ohùn ti di ọjà.

Ẹni tó mú un padà wá sọ́dọ̀ àwọn tí etí wọn ń hó ni Jack Vernon, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Oregon, ní Amẹ́ríkà. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Charles Unice, dókítà láti California, tí etí tirẹ̀ ń hó. Ẹgbẹ́ American Tinnitus Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ti ọwọ́ àwọn méjèèjì wá. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń rìn ní ìlú Portland, wọ́n dé ibi tí omi ti ń ya lulẹ̀ ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní Lovejoy Fountain. Unice dúró, kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Kò gbọ́ híhó etí rẹ̀ mọ́ níbi tí omi náà wà. Vernon padà sí ibi iṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe lè fi ìró omi náà sínú ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè fi sétí bí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ẹ̀rọ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn aláìsàn.

Ní Bìrìtìkó, wọ́n dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1979 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Jack Ashley, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó di adití lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọdún 1979 yẹn náà ni Sony gbé Walkman jáde ní Japan. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó ní kásẹ́ẹ̀tì lè gbé ìró òjò sínú àpò. Ẹni tí kò sì ní, á yí rédíò sí àárín ilé iṣẹ́ méjì, á jẹ́ kó máa ṣe ṣàà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Ìgbà tí èrò yí padà

Títí di ìgbà yìí, ohun tí gbogbo wọn ń ṣe ni pé kí wọ́n bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1990, Pawel Jastreboff, ọmọ Poland tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, gbé àlàyé mìíràn jáde. Ó ní ìṣòro náà kò dá lórí etí nìkan. Ó dá lórí bí ọpọlọ ṣe gba ohùn náà. Tí ọpọlọ bá kà á sí ewu, ọkàn á máa là, oorun á dá, ara á le, gbogbo ìgbà ni ènìyàn á sì máa fetí sí i. Bí a bá ṣe ń fetí sí i tó ni á máa le tó. Òun àti Jonathan Hazell, dókítà etí ní London, wá gbé ìtọ́jú kan kalẹ̀ tó ní apá méjì: àlàyé yékéyéké fún aláìsàn kí ẹ̀rù lè kúrò lára rẹ̀, àti ohùn ìta tó rọra ń dún. Wọ́n ní kí ohùn ìta yẹn má bo híhó náà mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ọpọlọ lè máa gbọ́ méjèèjì títí yóò fi mọ̀ pé kò sí ewu níbẹ̀.

Ẹ wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò ní lè kàwé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí àlejò bá ní, "Báwo lẹ ṣe ń gbé pẹ̀lú ariwo yìí?", á béèrè pé, "Ariwo wo?" Ẹ̀rọ kò dín ariwo rẹ̀ kù. Ọkàn rẹ̀ ló ti kúrò níbẹ̀. Ohun tí Jastreboff ń wá nìyẹn.

Fóònù dé

iPhone jáde ní ọdún 2007. Ní oṣù keje ọdún 2008, Apple ṣí ọjà áàpù tirẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ti Android náà ti dé. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a lè dáńlóòdù lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn gbé tiwọn jáde, bíi ReSound Relief àti Starkey Relax. Ìró òjò, òkun, ẹyẹ àti afẹ́fẹ́ ló kún inú wọn, ènìyàn sì lè pò wọ́n pọ̀ bó ṣe wù ú. Itard á mọ̀ wọ́n ní kíá bó bá dìde lónìí: igi tútù rẹ̀ nìyẹn, àwo bàbà rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n fóònù tún ṣe ohun tí ààrò kò lè ṣe. Èkíní, ó lè béèrè ìbéèrè. Ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn olùwádìí ní Ulm àti Regensburg ṣe áàpù kan tó ń jẹ́ TrackYourTinnitus. Á máa dún lójijì láàárín ọjọ́, á sì bi oníṣẹ́ rẹ̀ pé: báwo ni ó ṣe ń dún báyìí? Báwo ló ṣe ń dà ọ́ láàmú tó? Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017, wọ́n rí i pé láti aago méjìlá òru sí aago mẹ́jọ àárọ̀ ló máa ń le jù. Ọ̀rẹ́ wa ti ń sọ èyí fún wa láti ọdún méjì, a kàn rò pé oorun ló ń kùn ún ni.

Èkejì, fóònù lè kọ́ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Jámánì ṣe òfin tó gba dókítà láyè láti kọ áàpù fún aláìsàn bí ẹni kọ oògùn, kí ilé iṣẹ́ adójútòfò sì san owó rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Kalmeda, áàpù fún etí tó ń hó, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ìjọba kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìró òjò kọ́ ni pàtàkì inú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni, ní ìpele-ìpele, tó ń kọ́ ènìyàn bí yóò ṣe yí èrò àti ìṣesí rẹ̀ sí ohùn náà padà.

Èwo ló ṣiṣẹ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ ọ̀rẹ́ wa ti wọlé nìyí. Cochrane ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kárí ayé tó máa ń kó gbogbo ìwádìí lórí ìtọ́jú kan jọ, tí wọ́n á sì gbọ̀n ọ́n wò. Ní ọdún 2018, wọ́n wo ìtọ́jú tó ń lo ohùn: ìwádìí 8, ènìyàn 590. Wọn kò rí ẹ̀rí pé ẹ̀rọ tó ń mú ohùn jáde dára ju kí ènìyàn má lò ó lọ. Ní ọdún 2020, wọ́n wo ìtọ́jú tó ń yí èrò àti ìṣesí padà: ìwádìí 28, ènìyàn 2733. Èyí, wọ́n rí i pé ó lè dín bí etí híhó ṣe ń ba ìgbé ayé ènìyàn jẹ́ kù. Kò sí èyí tí wọ́n sọ nínú méjèèjì pé ó ń pa ohùn náà.

Ṣé èyí wá túmọ̀ sí pé Itard purọ́? A ò rò bẹ́ẹ̀. Àìrí ẹ̀rí kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí nǹkan kan, ìtura ọwọ́ òru kan sì lè ṣeyebíye fún ẹni tó nílò rẹ̀. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé irọ́ náà kò sí nínú ìró òjò. Inú ìlérí ọgbọ̀n ọjọ́ ló wà. Láti ọdún 1821 títí di òní, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kò yé sọ pé ìrọ̀rùn ni a ń wá. Áàpù tó bá ní òun á wo etí rẹ sàn ti ṣèlérí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ṣe láti igba ọdún.

A kò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ lórí apá kejì ọ̀rọ̀ náà: fóònù tó ń tù wá nínú yìí náà ló ń ṣe etí wa léṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan, láti ọmọ ọdún 12 sí 35, ló wà nínú ewu àìgbọ́ràn nítorí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin àti ariwo. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kò léwu fún àgbàlagbà ni dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ariwo bá ṣe ń ga sí i, wákàtí á máa dín kù. Àwa tí a ń yí íápíìsì dé òpin kí a má baà gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ariwo la fi ń sá fún ariwo.

Ohun tí a mú kúrò nínú rẹ̀

A kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà, a sì ti béèrè. Tí etí rẹ bá ti ń hó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kọ́kọ́ lọ rí dókítà etí. Má fi ìyẹ́ adìyẹ rò ó. Tó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń hó, tàbí tó ń lù kìkì bí ọkàn ṣe ń lù, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, má fi falẹ̀. Tí etí bá ṣàdédé di lójijì, ọjọ́ náà gan-an ni kó o lọ sí ilé ìwòsàn.

Tó o bá wá fẹ́ lo áàpù, bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Wá èyí tó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà, nítorí òru ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù, òru náà sì ni dátà máa ń tán. Jẹ́ kó máa dún jẹ́jẹ́ láti ẹnu fóònù lórí tábìlì, má ki íápíìsì bọtí sùn. Tó o bá máa san owó, san án fún èyí tó ń kọ́ ọ bí o ṣe máa fara balẹ̀, má san án fún èyí tó ń ta òjò nìkan. Òjò pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ wa ti lọ rí dókítà. Wọ́n yẹ ìgbọ́ràn rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ó ti pàdánù díẹ̀ nínú àwọn ohùn tó ga. Ìwọ́hùn ńlá níbi òde àríyá, níbi tó ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ẹ̀rọ orin, ni wọ́n fura sí. Ó ti pa áàpù olówó yẹn rẹ́. Ìró òjò ọ̀fẹ́ ló ń fi sùn báyìí, tó bá sì ti ń kó sí i lórí jù, ó máa ń pe ọ̀kan nínú wa, a ó jọ máa sọ̀rọ̀ títí oorun á fi dé.

Etí rẹ̀ ṣì ń hó. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí a ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ní kíṣìnì, ó ṣàdédé dúró, ó ní, "Ẹ wò ó, láti àárọ̀ ni mi ò ti rántí ẹ̀." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.